Ta Ni Ó Kọ́ Ọmọ Náà Láti Máa Gbọ̀n?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ara mi ni, kò sì dùn ún sọ. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ń fi ojoojúmọ́ tọ́ka àṣìṣe ọmọ ọlọ́mọ, ó yẹ kí ó lè tọ́ka ti ara rẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ní sáà tí ó kọjá, ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. N kò ní í dárúkọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń ta ata àti tòmátì lọ́jà. Ọmọ náà kì í ṣe olódo rárá. Bí ó bá jókòó ti ìyá rẹ̀ nídìí ata, kí oníbàárà tó na owó tán ni yóò ti mọ ṣéńjì tí yóò fún un. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti di àkókò ìṣirò àfẹnudáhùn ní kíláàsì, ahọ́n rẹ̀ a lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ọwọ́ rẹ̀ a máa gbọ̀n, òógùn a sì bò ó. Èmi a ní ọ̀lẹ ni, n ó sì fún un ní pàṣán méjì kí ojú rẹ̀ lè là. Ojú náà kò là.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí mo ti ń ṣe é. Bí àwọn ọmọ bá jẹun ọ̀sán tán, tí ariwo wọn sì pọ̀, n ó mú pàṣán, n ó fi lu tábìlì lẹ́ẹ̀mẹ́ta: kó, kó, kó. Gbogbo kíláàsì yóò pa lọ́lọ́. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè yóò bẹ̀rẹ̀, ẹni tí kò bá sì lè dáhùn yóò na ọwọ́ jáde. Báyìí ni tíṣà tí ó kọ́ mi ṣe é, báyìí ni èmi náà ń ṣe é, n kò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ọjọ́ Wẹ́sìdé kan, káfíńtà wá tún fèrèsé kíláàsì kejì ṣe. Ìtàn Ìjàpá ni mo ń kà fún àwọn ọmọ lọ́wọ́, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín, ọmọ alátà yìí náà ń rẹ́rìn-ín. Pàṣán kò sí lọ́wọ́ mi, inú kọ́bọ́ọ̀dù ni ó wà. Ni káfíńtà bá bẹ̀rẹ̀ sí í kan ìṣó: kó, kó, kó. Kí n tó ṣí ojú ìwé kejì, ọmọ náà ti le gbagidi lórí ìjókòó, ojú rẹ̀ ti funfun, omi sì ti ń ṣàn sílẹ̀ lábẹ́ àga rẹ̀. Ó tọ̀ sára. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. N kò bi í ní ìbéèrè kankan, n kò sì gbé ọwọ́ sókè sí i. Káfíńtà tí kò mọ̀ ọ́n rí, tí ó wà lẹ́yìn ògiri, ni ó dẹ́rù bà á tó báyìí.

Lóru ọjọ́ náà, oorun kò kùn mí. Mo wá rántí ọkùnrin ará Rọ́ṣíà kan tí wọ́n kọ́ wa nípa rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, tí a há ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí nítorí ìdánwò, tí a sì gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ tí ìdánwò parí.

Ivan Pavlov ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1849 ni a bí i ní ìlú Ryazan. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ọmọdé ni ó ń wá kiri. Bí oúnjẹ ti ń dà nínú ni ó ń wádìí, iṣẹ́ náà ni ó sì gba ẹ̀bùn Nobel fún ní ọdún 1904. Ajá ni ó ń lò. Ó ṣe iṣẹ́ abẹ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ajá kí itọ́ rẹ̀ lè máa ṣàn jáde sínú ohun tí yóò fi wọ̀n ọ́n. Ṣé ẹ mọ̀ pé bí oúnjẹ bá kan ẹnu ajá, itọ́ yóò dà. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ, bí a ti dá a nìyẹn. Ohun tí ó ya Pavlov lẹ́nu ni pé àwọn ajá tí ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ a máa da itọ́ kí oúnjẹ tó dé ẹnu wọn. Bí wọ́n bá ti rí ẹni tí ń fún wọn lóúnjẹ, itọ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹlòmíràn ì bá bínú pé àwọn ajá yìí ń ba iṣẹ́ òun jẹ́. Pavlov jókòó tì í. Ó mú ẹ̀rọ kékeré kan tí àwọn olórin fi ń mọ bí orin yóò ti yá tó, èyí tí ń dún kó, kó, kó. Nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ náà dún, ajá kan gbé etí sókè ni, itọ́ kò dà. Pavlov wá ń mú kí ẹ̀rọ dún, yóò sì gbé oúnjẹ wá tẹ̀lé e. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, léraléra. Nígbà tí ó yá, ó mú kí ẹ̀rọ dún láìgbé oúnjẹ wá. Itọ́ dà. Ìró tí kò jẹ́ nǹkankan fún ajá tẹ́lẹ̀ ti wá di oúnjẹ ní etí rẹ̀.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ má fi ajá náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí tẹlifóònù yín bá dún pé owó ti wọ báńkì, ṣé inú yín kì í ti dùn kí ẹ tó ka iye rẹ̀? Ìró lásán ni. Nítorí pé owó ti ń tẹ̀lé e láti ọjọ́ yìí wá ni ó ṣe dùn létí.

Ohun tí Pavlov fi oúnjẹ ṣe, pàṣán ni èmi fi ṣe é. Ẹnikẹ́ni kò ní í kọ́ ọmọ kí ó tó mọ̀ pé pàṣán ń dùn ún. Ṣùgbọ́n igi tí ń lu igi, kí ni ó fi kan ọmọ? Èmi ni mo so ìró àti ìrora pọ̀ lójoojúmọ́, títí ara ọmọ náà fi gbà pé nǹkan kan náà ni wọ́n. Pavlov sì tún rí i pé bí ajá bá ti kọ́ ìró kan, ìró mìíràn tí ó bá jọ ọ́ yóò mú itọ́ wá pẹ̀lú. Àwọn baba wa ti sọ èyí tipẹ́, pé ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Òòlù káfíńtà ni ekòló ọmọ náà. Èmi ni ejò.

Ní ọdún 1920, John Watson àti Rosalie Rayner ní Amẹ́ríkà kọ ìròyìn ohun tí wọ́n ṣe sí ọmọ ọwọ́ kan tí wọ́n pè ní Albert, ọmọ bí oṣù mọ́kànlá. Ọmọ náà kì í bẹ̀rù eku funfun, a máa na ọwọ́ sí i. Bí ó bá ti na ọwọ́, wọn a fi òòlù lu irin gbàgà lẹ́yìn orí rẹ̀. Láìpẹ́, bí ó bá rí eku, ẹkún ni. Nígbà tí ó yá, ó ń bẹ̀rù ehoro àti ajá, àní ẹ̀wù onírun pàápàá. Wọ́n gbé ọmọ náà lọ láìjẹ́ pé wọ́n yọ ẹ̀rù náà kúrò lára rẹ̀. Nígbà tí a kọ́ èyí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo ní ìkà ni àwọn ènìyàn yìí. N kò mọ̀ pé èmi náà yóò ṣe é, tí n ó sì máa gba owó oṣù lórí rẹ̀.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè tí ó tẹ̀lé e, ìyá ọmọ náà dé, ó di ọmọ lọ́wọ́ mú.

“Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o.”

“Ẹ kú àárọ̀ mà. Kí ló dé?”

Ó ní kí ọmọ lọ ṣeré ná. Nígbà tí ó ku àwa méjì, ó ní láti bí oṣù méjì, bí ilẹ̀ Mọ́ńdè bá ti mọ́, ọmọ yóò máa bì, yóò ní inú ń run òun. Bí ó bá di Sátidé, ara rẹ̀ á le koko, yóò máa gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì. Ó ti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọn kò rí àrùn kankan. Ó ti gbé e lọ fún àdúrà, wọ́n ní ọwọ́ ọ̀tá wà nínú rẹ̀. Ó ti gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú burúkú wo ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé.

Ó ní, “Tíṣà, ta ni mo ṣẹ̀? Ta ni ó ń ṣe ọmọ mi?”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo lè dákẹ́. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ronú kan ìyàwó ilé tí wọ́n fẹ́ẹ́ sọ di àjẹ́ nítorí pàṣán mi, ọ̀rọ̀ náà sì jáde lẹ́nu mi.

Mo ní, “Ìyá, ẹ má wá ọ̀tá kankan mọ́. Èmi ni.”

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí tábìlì títí dé orí káfíńtà. Ó dákẹ́ pẹ́. Mo rò pé yóò pariwo lé mi lórí. Nígbà tí ó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀.

Ó ní, “Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ mú un wá, ṣé ẹ rántí ohun tí mo sọ? Mo ní kí ẹ bá mi nà án dáadáa kí ó lè gbọ́n. Tíṣà, àwa méjèèjì ni.”

Báwo ni a ṣe ń tú irú ìdè yìí? Pavlov fi ọ̀nà kan hàn. Bí ẹ̀rọ bá ń dún léraléra tí oúnjẹ kò tẹ̀lé e mọ́, itọ́ yóò máa dín títí yóò fi gbẹ. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ajá náà sílẹ̀ kí ó sinmi, tí ẹ̀rọ sì tún dún, itọ́ lè tún yọ díẹ̀. Ohun tí ara ti kọ́ kì í parẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Obìnrin kan, Mary Cover Jones, tún fi èyí tí ó dára jù hàn ní ọdún 1924. Ọmọ bí ọdún mẹ́ta kan tí wọ́n pè ní Peter ń bẹ̀rù ehoro. Obìnrin yìí fún un ní oúnjẹ tí ó fẹ́ràn, ó sì gbé ehoro sínú àgò ní òkèèrè. Lọ́jọ́ mìíràn, ó sún un mọ́ ọn díẹ̀. Bí ọmọ bá kọ̀, kò fi ipá mú un. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà: nígbẹ̀yìn, Peter fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbá ehoro náà mọ́ra.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Mo mú pàṣán kúrò lórí tábìlì. Bí mo bá fẹ́ kí kíláàsì dákẹ́, n ó pàtẹ́wọ́, àwọn ọmọ yóò sì pàtẹ́wọ́ dá mi lóhùn. Mo sọ ìṣirò àfẹnudáhùn di ọjà: òkúta wẹ́wẹ́ ni ata, agolo òfìfo ni òṣùwọ̀n, a sì ń tà, a ń rà. Lọ́sẹ̀ kìn-ín-ní, ọmọ náà kàn ń wò ni, mo sì jẹ́ kí ó jókòó sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn. Lọ́sẹ̀ kejì, ó fún oníbàárà ní ṣéńjì láìsọ̀rọ̀. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó la ẹnu, ó ní, “Owó yín kò pé.” Gbogbo kíláàsì hó yèè!

Ní ti ìró igi, bí mo bá ń ka ìtàn, mo ní kí àwọn ọmọ máa fi ìka lu tábìlì bí ìlù níbi tí orin bá ti dé, jẹ́jẹ́ lákọ̀ọ́kọ́. Ọmọ náà fi ọwọ́ di etí. N kò ní kí ó ṣí i. Nígbà tí ó yá, òun náà di onílù. Nígbà tí a wọlé lẹ́yìn ìsinmi àárín sáà, ẹnìkan ju pákó sílẹ̀ gbàgà níta, ọmọ náà sì fò sókè. Ó wò mí lójú, èmi náà wò ó, ni ó bá rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ ní kì í bì ní Mọ́ńdè mọ́.

Mo mọ̀ ohun tí àwọn olùkọ́ kan ń sọ báyìí: “Wọ́n nà wá, a sì gbọ́n.” Òótọ́ ni pé pàṣán a máa dá ọwọ́ ọmọ dúró lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í fi ohun tí ó yẹ kí ó ṣe hàn án. Edward Thorndike ará Amẹ́ríkà ti àwọn ológbò mọ́ inú àpótí ní nǹkan bí ọdún 1898. Ológbò yóò họ ibí, yóò já ibẹ̀ jẹ, títí yóò fi ṣèèṣì fa okùn tàbí tẹ pákó tí ó ṣí ilẹ̀kùn, tí yóò sì rí oúnjẹ jẹ. Bí a bá dá a padà léraléra, yóò máa yára sí i. Ìṣe tí ó bá mú adùn wá ni ẹ̀dá ń tún ṣe. Thorndike kọ́kọ́ gbà pé bí adùn ti ń gbin ìṣe bẹ́ẹ̀ ni ìyà ń hú u. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, àwọn ìwádìí tirẹ̀ fúnra rẹ̀ mú un yí ọ̀rọ̀ yẹn padà. Ó rí i pé agbára ìyà kò tó ti adùn.

Ẹ wá wò ó o. Mo lu tábìlì, kíláàsì dákẹ́, ara tù mí. Nítorí pé ara tù mí, mo tún lù ú lọ́la. Mo rò pé àwọn ọmọ ni mò ń fi pàṣán kọ́, pàṣán náà ń kọ́ èmi. Èmi ni ológbò inú àpótí.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀kọ́ tiyín náà nìyí. Ọmọ ń sunkún pé kí ẹ ra bisikíìtì. Ẹ ní rárá, ó ń sunkún. Ẹ ní rárá, ó tún fi kún un. Oníbàárà dé, ẹ kò gbọ́ ohun tí ó ń sọ, ẹ bá ra bisikíìtì náà fún un. Kí ni ọmọ kọ́? Ó kọ́ pé ẹkún kékeré kò wúlò, gígùn ni kí òun máa sun ún. B. F. Skinner, tí ó kọ́kọ́ fi ìwé ńlá lélẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 1938, fi eku àti ẹyẹlé hàn pé ẹran tí ó ń rí oúnjẹ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí kò mọ ìgbà tí yóò bọ́ sí i, ni ó ń pẹ́ jù kí ó tó ṣíwọ́ nígbà tí oúnjẹ bá tán. Ìdí rẹ̀ nìyí tí onítẹ́tẹ́ kì í fi lè dìde: ó jẹ lẹ́ẹ̀kan, ó ń retí èkejì. Nítorí náà, bí ẹ óò bá fún ọmọ, ẹ tètè fún un kí ẹkún tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ kò bá ní í fún un, kí rárá jẹ́ rárá. Ẹkún náà lè kọ́kọ́ le sí i kí ó tó rọlẹ̀, ẹ fara dà á.

Ẹ̀yin fúnra yín ti mọ ọgbọ́n yìí nídìí ọjà. Èènì kì í ṣe ohun tí à ń fún oníbàárà ní oṣù tí ń bọ̀. Bí ó bá ti sanwó tán ni ẹ ń bù ú lé e, ìdí nìyẹn tí ó fi ń padà wá. Èènì ọmọ náà kò gbọdọ̀ pẹ́. Bí ó bá ṣe dáadáa, kí ó gbọ́ “o kúuṣẹ́” níbẹ̀, kí ó má jẹ́ pé ìgbà tí ó bá ṣe burúkú nìkan ni a óò rántí orúkọ rẹ̀.

N kò sọ pé ọmọ ènìyàn àti ajá jẹ́ ọ̀kan náà. Ọmọ a máa ronú, a máa béèrè ìdí, a sì máa wo ohun tí àgbà ń ṣe. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ń kọ́ ẹ̀kọ́ mìíràn lábẹ́lẹ̀ nígbà tí a rò pé ìṣirò nìkan ni à ń kọ́ ọ. Mo ti kọ́ ọmọ kan ní ìṣirò fún sáà kan, ohun tí ó mọ̀ dájú nínú rẹ̀ ni ìbẹ̀rù.

Nítorí náà, kí ẹ tó wá ọ̀tá lọ sí ilé aládùúgbò nígbà mìíràn tí ọmọ bá ń gbọ̀n, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí ó ń gbọ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kí ẹ sì béèrè ọwọ́ ẹni tí ìró náà ti ń wá. Ó lè jẹ́ ọwọ́ yín. Tèmi ni nígbà yẹn.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o. Ire kàbìtì.